Ẹ Má Ṣán Igbó Ẹ̀yìnkùlé Dè Wá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá wa níbí ní ìlú Ọba tutù bí omi inú àmù. Yèyé mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Wálé, àbúrò mi tó wà ní Ọ̀bà-Ilé, mo kí ìwọ náà, àmọ́ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà fún, fìdí mọ́lẹ̀ kí o kà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí síta gbangba ni, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ní Oǹdó ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí.

A ń bọ̀ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Owó ọkọ̀ òfurufú tí mo ti ń tọ́jú ti pé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti fún mi láyè, èmi àti Moyọ̀ ọmọ mi yóò sì ṣe ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ yín. Inú mi ń dùn débi pé orin ni mo fi ń fọ aṣọ. Ọmọ ọdún méjì ni Moyọ̀ nígbà tí mo gbé e kúrò nílé. Ó ti pé mẹ́sàn-án báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì tún tẹ ilẹ̀ Oǹdó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún yín lórí fóònù lọ́dún tó kọjá pé ọmọ yìí ń bẹ̀rù èèrà, pé ó rí ekòló kan lójú ọ̀nà, ó sì fò mọ́ mi lọ́rùn. Òótọ́ ni nígbà náà. Àjà kẹta là ń gbé, òtútù kì í jẹ́ ká ṣí fèrèsé, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta á kọjá tí kò ní rí ẹni bá ṣeré nílé àfi èmi. Níbo ni yóò ti mọ ekòló?

Ìgbà tó yá, olùkọ́ wọn kó wọn lọ sí igbó kékeré kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí kálukú yan igi kan tí yóò máa bẹ̀ wò. Moyọ̀ délé, ó bi mí pé igi wo ni tèmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ní igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Bí ẹnu mi ṣe là nìyẹn, Bàbá! Mo sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń kó wa lọ ṣa ìgbín bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, tí ẹ ó ní ká fi ìka kan etí ìkarahun rẹ̀: bó bá le, ó di ti ọbẹ̀, bó bá rọ̀, ó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ká dá a padà sábẹ́ ewé. Mo wá sọ ti ọjọ́ tí Wálé fi ìgbín kékeré méjì pamọ́ sápò, tí ọ̀kan rìn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àlùfáà ṣe ń wàásù lọ́wọ́, tí ẹ sì ní kó fi aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kó wọn padà sínú igbó. Moyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Wàhálà dé láti ọjọ́ náà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọmọ yìí á máa ṣa ìgbín kúrò lójú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ̀ wọ́n. Ó ti mú mi pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń sá fún èèrà!

Àfi bí Wálé ṣe pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń yọ̀, ó ní òun ti ra oògùn apakoríko, pé àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti gé igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n ṣán gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì to òkúta ìntálọ́ọ̀kì síbẹ̀ dé ìdí ògiri, kí ọmọ ìlú Ọba má bàa rí kòkòrò. Ó ní ẹ̀yin náà ti fọwọ́ sí i, Bàbá, pé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ náà bẹ̀rù ilé yín. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí ń tìtorí rẹ̀ bọ̀ wálé gan-an lẹ fẹ́ gé dànù.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Yèyé fi àwòrán ẹ̀yìnkùlé ránṣẹ́, Moyọ̀ nàka sí ewé kan, ó ní kí ni orúkọ rẹ̀. Mo wò ó títí, n kò rántí. Èmi, ọmọ yín! Bàbá, ohun tí ẹ kọ́ mi ti ń jò dànù, n kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ẹ̀yin ló kù tó lè kọ́ ọ, ẹ̀yin náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ni Moyọ̀ yóò kó ròde bí a bá ti fi sìmẹ́ńtì bo ilé?

Wálé, to ìntálọ́ọ̀kì rẹ síwájú ilé níbi tí ọkọ̀ rẹ ń dúró sí bí o bá wá kí Bàbá, kí o sì dá oògùn padà fún ẹni tó tà á. Bó bá jẹ́ ejò lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ la ọ̀nà tóóró kan, ó tó. Bàtà òjò kékeré ni kí o bá mi rà fún Moyọ̀.

Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á gbọ́ tiyín. Lánàá, olùkọ́ Moyọ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà dìde níwájú kíláàsì, ó ní bàbá àgbà òun ní igbó tirẹ̀, pé bí òun bá padà dé, òun á ka orúkọ gbogbo igi inú rẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi di òpùrọ́.

Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn àti ẹsẹ̀ tó le jíǹkí yín, a ó bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò àti gbogbo ìjọ.

Ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé