Ẹ Má Tẹ Nǹkan Kan, Ẹ Ṣáà Máa Bọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ tuntun lé mi lórí. Màmá Òfin (ọ̀gá wa nìyẹn, mi ò jẹ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn) ní àwọn ará àdúgbò ò mọ̀ pé a wà. Òótọ́ ni. Lókè ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tòkópì yìí la ti ń fún èèyàn ní ìmọ̀ràn nípa òfin: ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tọkọtaya. A kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Tiwa lọ́fẹ̀ẹ́, eruku ló jókòó sórí àga àlejò.

Kí n máa ṣe fídíò sórí Fesibúùkù àti Wasáàpù, ni wọ́n wí. Èmi! Èmi tí mo máa ń dijú tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò mi. Wọ́n ní èmi ni mo lẹ́nu jù lọ́fíìsì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Fídíò àkọ́kọ́ ti jáde. "Ẹ̀tọ́ Ayálégbé Lábẹ́ Òfin." Mo wọ súùtù, mo le ojú koko, mo ń kà á bí akọ̀wé kóòtù. Ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ àtàǹpàkò "láìkì" sí i. Onílé ni! Bàbá arúgbó tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì wa. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní mo ti rí oníbàárà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Inú mi ò dùn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń gbé nílé bàbá yẹn. Aránṣọ ni, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló rán gbogbo aṣọ iléèwé àwọn ọmọ mi láti jẹ́lé-ó-sinmi. Lónìí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Orúkọ onílé ló wà nísàlẹ̀. Mo ti kà á tán kí ó tó já a. Bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ san owó ilé, gbogbo wa la mọ̀.

Mo bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ó kàn wu òun láti ṣípò ni. Ó wù ú! Láti ìgbà tó ti lọ́kọ títí dìgbà tó di opó, yàrá kan náà ló wà, ó wá ṣàdédé wù ú láti ṣípò. Mo ní kó wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ní àwọn oníjà ló ń lọ síbẹ̀, òun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún Màmá Òfin. Wọ́n ní mo mọ òfin ọ́fíìsì: a kì í kanlẹ̀kùn ẹni tí kò pè wá. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ó dáa. Fídíò nìkan ló kù. Màá bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kí etí ẹnì kan lè gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bọ́ súùtù sọnù. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé tí onílé kọ kì í ṣe ìwé kóòtù o! Kóòtù nìkan ló lè ní kẹ́ ẹ jáde. Ẹ má tíì di ẹrù!

Màmá Òfin ní ẹnu mi ti yá jù. Wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Èèyàn wò ó bí i kí nìyí! Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí i. Kò sí àtàǹpàkò, àfi ẹyọ kan. Ìwé mi, o mọ ẹni náà. Mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Àtàǹpàkò. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń lé opó, tó tún ń yìn wá! Ojú rẹ̀ mà le o.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo rí nǹkan lónìí. Ọkùnrin kan dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìyàwó onílé kan ń kọjá lọ — ọkùnrin náà yí bírí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì, ó fún wọn ní bébà òfìfo kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bébà òfìfo!

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. À ń pe èèyàn ní gbangba pé kí wọ́n wá gbé àṣírí wọn wá. Ta ló máa tẹ àtàǹpàkò nígbà tí orúkọ onílé rẹ̀ wà lókè gàdàgbà? Wọ́n ń wò wá, wọ́n kàn ń sá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Fídíò tuntun. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa bọ̀. Ilẹ̀kùn kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì tó já sí àtẹ̀gùn wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní fọ́tòkópì lẹ wá ṣe.

Oní-fọ́tòkópì ti gbà. Bàbá Àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àlejò! Àga ò tó! Màmá Òfin fúnra wọn ń nu eruku.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò wá. Mo rí i lójú fèrèsé, ó ń fi aṣọ àlòkù di orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó wá o!

Ó gbé búláòsì mi lọ́wọ́ bí ẹni tó wá gbé aṣọ fún oníbàárà. "Fọ́tòkópì ni mo wá ṣe," ló wí. Oníbàárà rẹ̀ kan ló fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Ìwé yẹn wà nínú búláòsì. Màmá Òfin kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ìwé yìí ò lè lé adìyẹ jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà sí onílé lójú ẹsẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Àmọ́ ṣé onílé máa gbà? Oṣù ti ń lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò. Bàbá Àtàǹpàkò yọ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà wa lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Mo ní ìjà dé.

Wọ́n ní, "Fọ́tòkópì ni mo wá ṣe."

Bàbá ò kọ ìwé kankan sí Ìyá Abẹ́rẹ́. Lẹ́tà wa ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ ọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí i lórúkọ bàbá, nítorí wọ́n fẹ́ kí ilé ṣófo kí wọ́n lè tà á mọ́ bàbá lórí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ bàbá lẹ́nu. Bàbá ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ tú ẹrù rẹ̀. Bí ó bá kó lọ, ta ló máa kù tí yóò máa kí àwọn láàárọ̀?

Màmá Òfin ní nígbà tó jẹ́ pé àwa la dúró fún ayálégbé, agbẹjọ́rò kan tí àwọn mọ̀ ni yóò dúró fún bàbá. Wọ́n ti ń pè é. Mo wá bi bàbá pé kí ló dé tí wọn ò ti wá látọjọ́ yìí.

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. "Ọmọ mi, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé fídíò jáde ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bí ìgbà téèyàn kanlẹ̀kùn ni. Mo ní ẹ ó dáhùn."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo dìde, mo fa àga sún mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ wọlé, bàbá. Ẹ má bínú pé a pẹ́ ká tó ṣílẹ̀kùn."