Kọ́kọ́rọ́ Tí Bàtà-Funfun Fún Mi

Ajé, 4/11/2024
Samir ọmọ mi ò sùn dáadáa. Ara ẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo nu gbogbo ilé ìwòsàn, mo tún bá wọn gbẹ̀bí ẹnì kan. Wọ́n ní wọ́n ń wá aide-soignante, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní Bétérou, ní maternité, ilé ìgbẹ̀bí ìjọba. BEPC, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, wọn ò gba photocopie. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló parí.
BEPC mi wà lọ́wọ́ Bàtà-Funfun. (Ọ̀gá wa, ẹni tó ni clinique. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú ẹ̀, tonton ni mo ń pè é, bí àbúrò bàbá ẹni.)

Ìṣẹ́gun, 5
Mi ò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo béèrè.
Àmọ́ mo kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tí Bàbá mú mi wá láti Kika. Iṣu mẹ́wàá lẹ́yìn alùpùpù, Samir ọmọ oṣù márùn-ún láyà mi. Bàbá ní, "Ọmọ yín nìyí o. Bó bá ṣìṣe, ẹ bá mi nà án." Bàtà-Funfun rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé mi, ó ní kó má baà sọnù. Stage, ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, wọ́n ní. Oṣù kẹrìnlá rèé. Yàrá ẹ̀yìn ni mò ń sùn. Mi ò gbọdọ̀ dé ọjà láìtọrọ àyè. Oúnjẹ wà. Owó ò sí — ta ló ń sanwó iṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀?
Mo ní, "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi." Ó ní, "Ọmọ wo ló ń gba ẹrù ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀? Ṣé mo lé ẹ ni?"
Mo kúnlẹ̀. Èmi ni mo tún ń bẹ̀bẹ̀.

Àìkú, 10
Ọmọge tuntun dé láti Sanson. Waliath. Ìyá ẹ̀ gbé adìyẹ méjì wá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: ọmọ yín nìyí. Bàtà-Funfun na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ti dúróà tó ń kó ìwé wa sí. "Ìwọ lo dàgbà nínú wọn. Gba ìwé ẹ̀, kó o tì í. Kọ́kọ́rọ́ á máa wà lọ́dọ̀ ẹ." Ó dúró tì mí títí mo fi tì í. Mi ò lè wo tèmi.
Inú mi dùn díẹ̀. Kí ni mo fẹ́ purọ́ fún níbí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Kọ́kọ́rọ́ wà nídìí ìró mi. Bí mo bá fọwọ́ ara mi mú ìwé mi, ṣé kò ní pè mí lólè?
Tata (àǹtí) Títílayọ̀, agbẹ̀bí láti ọ́fíìsì ìlera, wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní bí ẹnì kan bá ń dáhùn fún ọmọge tó mú wá, kí á wá ọgbọ́n bá ọmọge yẹn sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ó ní ẹni tó bá mú ìwé ẹ pamọ́, tí ò jẹ́ kó o jáde, tó ní stage ni, ẹrú ló ń kó, bó tiẹ̀ ń pè ẹ́ lọ́mọ.
Bàtà-Funfun ló mi orí jù.
Lẹ́yìn náà Waliath fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Tata, ẹ̀yin lẹ kó mi lẹ́rú o. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ yín ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ò pẹ́.

Ọjọ́rú, 13
Ara Samir ti tutù.

Ọjọ́bọ̀, 14
Bàtà-Funfun lọ sí Parakou. Mo ṣí dúróà.
Àpò ìwé mẹ́fà, orúkọ lára kálukú. Ti Alimatou wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ó sá lọ lọ́dún tó kọjá — kò mú ìwé ẹ̀. Ti Waliath ló wà lókè.
Tèmi ò sí. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì.
Mo fún Waliath ní tiẹ̀. Ó ní, "Tiyín ńkọ́?" Mo ní ó wà.

Jímọ̀, 15
Mo pọn Samir, mo kó àpò márùn-ún tó kù, mi ò tọrọ àyè. Ọ̀dọ̀ Tata Títílayọ̀ ni mo lọ. Ó ní a lè béèrè BEPC mìíràn, àmọ́ ó máa pẹ́. Bétérou ti lọ nìyẹn.
Ó kọ orúkọ mi. Ó bi mí láti ìgbà wo ni mo ti wà níbẹ̀. Mo sọ.
Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dúróà yẹn?"
Mo tú ìdí ìró mi, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Èmi ni."
Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.