Àlàfo Mẹ́ta Nínú Máàpù Adágún

Èmi, tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ sí Ìyá Onímáàpù, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn ìsàlẹ̀ adágún, ni mo ń há ogún mi báyìí. Dókítà ní ọkàn mi ló ń ṣàárẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ mi. Orí mi pé. Inú ló ń bí mi, ìyẹn kò sì sọ ìwé yìí di asán.

1. Ilé mi di ti ọmọbìnrin mi. Kí ó tún òrùlé tó ń jò ṣe kí ó tó kun ògiri. Mo mọ ọmọ mi.

2. Ológbò mi, n kò lè há a. Yóò yan ẹni tó bá wù ú.

3. Máàpù àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi yà, tó wà nínú páìpù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi lé awakọ̀ bàálù ọ́fíìsì wa lọ́wọ́. Òun náà ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Òun ló ń gbé wa kọjá lórí omi nígbà tí ẹ̀rọ abẹ́ bàálù ń ta ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀, tó ń wá ibi òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹja ń yé ẹyin sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n fẹ́ òun, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀. Ìkejì ṣì ń dùn mí.

Máàpù náà ní àlàfo mẹ́ta, níbi tí omi ti dọ̀tí tí ìmọ́lẹ̀ kò ríbi wọlé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò rí ibí. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ àlàfo kejì: òkúta wẹ́wẹ́ ni mo bá, ẹyin ẹja lẹ̀ mọ́ ọn. Mo jábọ̀ fún ọ̀gá wa, àbúrò mi, ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà. Ó ti ìwé àbọ̀ mi mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní àlàfo ń dójú ti ọ́fíìsì, kí kọ̀ǹpútà fi àwọ̀ ẹrẹ̀ lásán dí i nínú máàpù tuntun. Máàpù irọ́ yẹn ni wọ́n fi gba àwọn tó ń wa yanrìn láyè. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní òjò àkọ́rọ̀, ìgbà tí ẹja ń bọ̀ wá yé gan-an.

Kí awakọ̀ gbé máàpù mi lọ sí kọ́ọ̀tù ṣáájú òjò. Bí ìsìnkú mi bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kọ́ọ̀tù ni kí ó lọ.

4. Àbúrò mi ló ni ọ̀pá tí mo fi ń wọn omi. Kí ó gbé e wọ àlàfo kejì. Bàtà rọ́bà mi kò sí fún un. Ẹsẹ̀ lásán ni kí ó fi tẹ ohun tó ní kò sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò ní ogún ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó jẹ́ kí inú bí mi tó báyìí nìyẹn.

Mo fọwọ́ sí i: Ìyá Onímáàpù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì.
Ẹlẹ́rìí kìíní: onítáìpù ọ́fíìsì.
Ẹlẹ́rìí kejì: obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe.
Ẹlẹ́rìí kẹta:

Àbúrò mi wá kí mi lónìí, ó ní kí òun fọwọ́ síbẹ̀ kó má baà ṣófo. Mo kọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ohun tí kò rí kò lè ṣe ẹlẹ́rìí mi. Ẹ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.