Aṣọ Dúdú Apá Albert

Albert, àna wa, bàbá Tinúadé, òní gan-an ló pé ọdún márùn-ún tí a gbé ọ sin sí itẹ́ òkú ìjọ wa ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ibà fi dá ọ dùbúlẹ̀, ìwọ tí a kì í rí kí o jókòó.

Ọdún márùn-ún! Tinúadé tí o fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ gígùn yẹn ló jogún. Ilé tí o bẹ̀rẹ̀ ní Èjìgbò ti parí, a sì ti fi ọ̀dà búlúù tí o fẹ́ kùn ún. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí o máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ níléeṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àyànníyì tí ẹ jọ ń tún un ṣe ló wà nídìí rẹ̀ báyìí, èdè yín náà ló sì fi ń bú u nígbà tó bá kọṣẹ́.

Bọ́lájí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, kò yí padà. Ó kàn pọ̀ sí i ni. Owó epo ti wọ̀lú, símẹ́ńtì ló sì ń tà, nítorí náà kò sí ohun tí kì í ti òkè òkun wá nílé rẹ̀ mọ́, títí kan igi ìtayín.

Òun náà ló kọ ìtàn ayé rẹ sínú ìwé ìsìnkú. O ò ráyè kà á, jẹ́ ká sọ ọ́ fún ọ: ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ ni kápúténì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù.

Inú pọ́ọ̀sì rẹ ló ti rí i. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí o fi àlùmọ́gàjí gé kó lè wọ pọ́ọ̀sì náà. Ìwọ nìkan lo dúró níbẹ̀ nínú aṣọ bọ́ọ̀lù, o so aṣọ dúdú mọ́ apá òsì. Bọ́lájí ti rí kápúténì tó so aṣọ mọ́ apá lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wo apá rẹ, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ìwọ alára kò fi bọ́ọ̀lù tí o gbá ṣe fọ́ńté rí. Ẹni tó bá bi ọ́ léèrè níléeṣẹ́, ìdáhùn kan náà ló máa ń gbà: ọdún mọ́kànlá ni bọ́ọ̀lù fi bọ́ ọ, nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú àwọn ahunṣọ ní Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti bí ọ. Ẹ̀yìn lo máa ń dúró sí, lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ọ̀dọ̀ gólì yín. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. O ò gbá góòlù kankan sáwọ̀n ẹlòmíì. O gbá méjì sínú àwọ̀n yín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí o kọ́kọ́ bọ́ sí pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ wa, ariwo ni àwọn òǹwòran fi lé ọ. Òyìnbó tí yóò gbé bọ́ọ̀lù jó yí èèyàn mẹ́ta po ni wọ́n wá wò, ìwọ sì ń gbá a kọjá àwọn lọ́rì sínú igbó. Ọdún kejì ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Géètì, torí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó ń kọjá.

Ọládùnní ìyàwó rẹ mọ gbogbo èyí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kò ní agbára tí yóò fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Ó ṣí ìwé náà, ó pa á dé. Ó ní bébà ni, yóò ya.

Òkúta kì í ya. Bọ́lájí ránṣẹ́ sí Ítálì fún òkúta mábù tí a óò tẹ́ sórí ibojì rẹ fún ọdún karùn-ún yìí. Nígbà tí a ṣí àpótí rẹ̀, lẹ́tà wúrà ló wà lójú rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé kápúténì Bẹ́ljíọ̀mù ló sùn síbí. Tinúadé alára ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orin níléèwé, ó sì ti kọ lẹ́tà sí Màríà àbúrò rẹ pé kó fi àwòrán kápúténì mìíràn ránṣẹ́ sóun.

Màríà kò bá ọmọ jiyàn. Àwòrán kan náà ló fi ránṣẹ́, èyí tí wọn ò gé. Ọkùnrin mọ́kànlá, aṣọ dúdú mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé bàbá àgbà tó ń fọ aṣọ bọ́ọ̀lù yín ló kú lọ́sẹ̀ náà, òun ni gbogbo yín ń ṣọ̀fọ̀.

Màmá, ìyá ìyàwó rẹ, wọ awò ojú, ó wò ó láti ọ̀tún dé òsì.

“Bọ́lájí,” ó ní, “ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ni kápúténì?”

Bọ́lájí ní òun ti sọ fún pásítọ̀, òun ti sọ fún àwọn àlejò, wọn kì í sì í fi rọ́bà pa òkúta rẹ́. Ó ní kí ló burú nínú kéèyàn fi díẹ̀ kún èèyàn rere. Ta ló fẹ́ lọ bèèrè ní Bẹ́ljíọ̀mù?

Ìgbà náà ni Ọládùnní, tí kì í gbóhùn sókè sí i, sọ ohun tó ti ń gbé mì láti ọdún márùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Òun kọ́ ló fẹ́ mi. Tí Tinú bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yẹn, ta ni kí n sọ pé ó wà níbẹ̀?”

Bọ́lájí jókòó. Ó yọ igi ìtayín kan, kò sì fi ta nǹkan kan.

Fákúnlé bíríkìlà, tó ti ń dúró kí wọ́n ní kí òun lọ tẹ́ òkúta náà, ló wá ọ̀nà. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn mábù náà, ó ní ó dán bí iwájú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yí i padà, òun yóò sì fín ohun tí wọ́n bá fẹ́ sí i. Bọ́lájí bèèrè bóyá èèyàn á ṣì mọ̀ pé Ítálì ló ti wá. Fákúnlé ní wọ́n á mọ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

A tẹ́ ẹ lónìí. Ohun tó wà lójú rẹ̀ nìyí: ALBERT, BÀBÁ TINÚADÉ. Ó ṢỌ́ Ẹ̀YÌN FÚN ỌDÚN MỌ́KÀNLÁ. Tinúadé kà á sókè, ó ní ṣé iṣẹ́ gidi ni kéèyàn ṣọ́ ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ bi Àyànníyì. Àyànníyì àti ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn mọ́kànlá, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ dúdú lápá, nítorí rẹ. Àlàyé tó ṣe fún ọmọ rẹ gùn ju ìwàásù lọ, ọmọ náà kò sì kúrò níwájú rẹ̀.

Bọ́lájí náà ní kí wọ́n so aṣọ dúdú mọ́ òun. Wọ́n so ó. Ó sì rí i dájú pé apá yẹn ni ayàwòrán dúró sí.

Lẹ́tà wúrà náà ṣì wà, Albert. Ìwọ ló dojú kọ, ìwọ nìkan ló lè kà á. Bá wa fi rẹ́rìn-ín.

Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọládùnní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Àárò rẹ ń sọ wá, Géètì, ọdún márùn-ún kò dín in kù. Bí o ṣe rí gan-an la ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ, pẹ̀lú góòlù méjèèjì tí o gbá sínú àwọ̀n yín.