Ìwé Mẹ́ta Tí O Ní Kí N Tẹ̀ka Sí

Ní abúlé, lẹ́bàá Atakpamé,
ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 1984.

Ọmọ mi Kòkúmọ́, tí wọ́n ń pè ní Gérard ní Lomé,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọ kú ooru etí òkun. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run tí ó dá ọ sí fún mi kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ayé tẹ̀ ọ́, iṣẹ́ tuntun tí o bọ́ sí yóò tù ọ́ lára ju ti àtijọ́ lọ. Ní tiwa níhìn-ín, a wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún mi máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò tíì fẹ́ rọ̀, nítorí náà kò dùn mí. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò bàbá rẹ, Ògúnkọ̀yà, ṣì ń bá gbogbo ènìyàn jà lórí ààlà oko, o mọ̀ pé ìwà rẹ̀ nìyẹn.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Wò ó dáadáa, kì í ṣe ọwọ́ Philippe tíṣà tí ó máa ń bá mi kọ ọ́. Ọdún méjì ni mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà nínú ilé ìjọsìn bí mo bá ti oko dé, wọ́n sì ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí ó ní òǹtẹ̀. O ní kí n tẹ̀ka, o ò mọ̀ pé ìyá rẹ ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Àpòòwé tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Mo gbọ́ pé nígbà tí o kúrò ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí o bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé, owó ìfẹ̀yìntì kékeré tí wọ́n ti ń yọ pamọ́ fún ọ láti ọdún mọ́kànlá kò lè dúró sọ́dọ̀ wọn mọ́, pé o gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò gbé e lọ kí oṣù kẹta tó parí. O ní ibi mẹ́ta ló wà: kéèsì ìjọba, ìyẹn àpò owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, kéèsì ti ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀, àti ilé asíráǹsì adójútòfò kan. O ti kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o sì ní nítorí pé orúkọ mi wà nínú wọn, kí n yan èyí tí ó bá wù mí, kí n tẹ̀ka sí i, kí n fi rán awakọ̀ padà. O ṣeun tí o fi mí ṣe àgbà. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe gbé e ni mo kọ́kọ́ rò. Mo lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou, mo bi ọkùnrin tí ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bóyá owó Kòkúmọ́ ti kọjá. Ó bi mí pé nínú àpò wo. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n owó ọdún mọ́kànlá ni, kò lè jẹ́ àpò kékeré. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Philippe ló wá là mí yé pé owó náà kì í rìn, ìwé ni ó ń rìn, wọ́n á kàn sọ fún owó náà níbi tí ó wà pé ó ti kúrò. Mo ní ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìyàwó tí à ń mú lọ ilé ọkọ gan-an, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn.

Mo wá rò ó bí ẹní ń wá ibi tí yóò gbin èbù iṣu sí. Kéèsì ìjọba, ilẹ̀ tí kò ní ṣí lọ ni, ṣùgbọ́n oko gbogbo ayé ni, o lè pẹ́ kí o tó rí ebè tìrẹ. Ti asíráǹsì, mo rí aṣojú wọn kan ní ọjà Atakpamé, ó wọ táì nínú ooru. Mo bi í pé bí ilé kò bá jó, tí ọkọ̀ kò sì dànù, ṣé wọn á dá owó olówó padà. Ó ní rárá. Mo ní ẹni tó ń sanwó fún yín á wá máa wo òrùlé rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò jó. Ó fún mi ní kàlẹ́ńdà. Ògúnkọ̀yà ní tirẹ̀ ní kí o má gbé e lọ ibì kankan, kí o kó o wálé kí a fi kan páànù sí ilé bàbá rẹ olóògbé. Mo ní ilé bàbá rẹ kò jò, ti Ògúnkọ̀yà ni ó ń jò.

Nígbà tí ọkàn mi kò dúró síbì kan, mo ní kí Philippe ka àwọn ìwé náà fún mi láti òkè dé ilẹ̀, nítorí Faransé ni wọ́n, Faransé kò sì sí nínú ẹ̀kọ́ àgbà wa. Ti asíráǹsì ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibì kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá kú kí ó tó fẹ̀yìn tì, Dorothée ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n kó owó fún. Kòkúmọ́, mo mú àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ, mo gé ìlà náà kúrò kí Philippe tó pa ẹnu dé, mo fẹ́ jù ú sínú iná. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ìwé tí a bá gé kì í ṣe ìwé mọ́, àti pé ìlà yẹn wà nínú ìwé méjì yòókù pẹ̀lú. A fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ padà. Bí èèrà bá bá ìwé náà dé Lomé, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. O ò mọ ohun tí orúkọ rẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ méjì lọ kí o tó dé, wọn kò sì jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ní ọjọ́ kẹjọ rẹ, bàbá rẹ sọ ọ́ ní Kòkúmọ́, ó fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ń gbé etí lé àyà rẹ kí n tó lọ sí odò, kí n tó lọ sí oko, kí n tó lè jẹun. Ọmọ ni í jogún òbí. Ìyá tí ó bá jogún ọmọ, kí ni ó fẹ́ fi owó náà rà?

Mo wá bi Philippe bóyá èyí wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ní àyè fún ẹlòmíràn. Ó wò wọ́n, ó ní ti ilé ìtẹ̀wé ní àyè mẹ́rin fún orúkọ ọmọ. Inú mi dùn. Mo ní kí ó ka ohun tí o kọ síbẹ̀. Ó kà á: “Kò sí.” Mo ní kí ó tún un kà, ó tún un kà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ẹ̀pà, mo ní kí ó máa lọ ilé.

N kò bú ọ. Bí mo bá bú ọ, màá bú ara mi. Nígbà tí àwọn ẹbí Céline wá láti Elavagnon lọ́dún 1976 pé ọmọ àwọn lóyún fún ọ, o kò sẹ́, o ní ọwọ́ rẹ kò tíì tó nǹkan ni, èmi náà sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ọ ní àyè díẹ̀. O fi páálí ọṣẹ kan ránṣẹ́ fún ìsọmọlórúkọ, mo rò pé ó tó. Àyè díẹ̀ náà ti di ọdún méje, Kòkúmọ́. Ó dùn mí pé mo dákẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Elavagnon ní ọjọ́ ọjà. Céline kò lé mi, ó fún mi lómi. Ìbíọlá ọmọ rẹ wá kúnlẹ̀ kí mi, etí rẹ ni ó gbé wá sáyé, méjèèjì, bí wọ́n ṣe yọ síta yẹn. Mo bi í bóyá ó mọ bàbá rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun ń ṣe ọṣẹ ní Lomé. Ó sáré wọlé, ó gbé ọṣẹ kan jáde nínú àkísà, ó ti gbẹ, ó ti sán, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í wẹ̀, bàbá òun ni ó ṣe é. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún un pé o ti kúrò níbẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé, àwọn èrò rò pé owó ọjà mi ni ó sọnù. Céline ní ìwé ìbí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àyè bàbá ṣófo, wọ́n sì ní àfi kí bàbá wá fúnra rẹ̀. Tíṣà wọn ti bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà mo ti yàn. Kéèsì ilé ìtẹ̀wé ni kí owó náà lọ. N kò mọ̀ bóyá yóò ta ju ti àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n ó ní àyè fún ọmọ, ìyẹn tó mi. Mo ti fa igi lé orúkọ tèmi lórí. Awakọ̀ yóò kó ìwé méjì yòókù wá bá ọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi èyí rán an. Abẹ́ ẹní mi ni ó wà, wá mú un kí oṣù kẹta tó parí, kí a jọ gba Elavagnon kọjá.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà kí n má tọrọ owó. Owó iyọ̀, owó kẹrosíìnì, owó oògùn orúnkún, mo fi gbogbo rẹ̀ jì ọ́ lóṣù yìí. Owó ọkọ̀ láti Lomé dé Atakpamé ni mo ń tọrọ, àti láti Atakpamé dé Elavagnon. Má fi rán ẹnikẹ́ni, fi san ọkọ̀ ara rẹ. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra bàtà ilé-ìwé fún ọmọbìnrin ọdún méje. Má ra ọṣẹ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi eyín ẹnu rẹ jẹ owó ìfẹ̀yìntì náà tán. Ìwọ ni yóò sin mí. Ìbíọlá ni yóò sin ọ́, lọ́jọ́ tí irun orí tirẹ̀ náà bá ti funfun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dorothée.

Mo gbàgbé. “Kò sí” tí o kọ sí àyè ọmọ yẹn, mo ti fi abẹ fá a kúrò. Ìwé náà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀, nítorí náà, bí o bá ń kọ orúkọ Ìbíọlá, rọra tẹ bíìkì.