Kálàmù Tíṣà Tí Mo Rì Sínú Rakija

Milunka ọmọ mi,

Ìkánjú ni mo fi ń kọ ìwé yìí, tí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, má bínú. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Beograd ò tíì mú ọ? Nikola Mímọ́ tó ń ṣọ́ ilé wa yóò máa ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́ àti lójú títì, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹlẹ́dẹ̀ wa ti sanra, adìẹ méje ṣì ń yé. Ìyá rẹ ń gbádùn díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó ti ọsibítù dé, ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹnu rẹ̀ sì ti mú padà, torí ó ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò tíì lágbára.

Ọ̀rọ̀ kálàmù ló ń já mi láyà. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí àlùfáà wá bùkún omi fún slava wa, ọdún Nikola Mímọ́ ilé wa, ìyá rẹ sì ní òun lòun máa kọ ìwé orúkọ tí àlùfáà máa kà, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo gbé báírò fún un. Báírò ń fẹ́ kéèyàn tẹ̀ ẹ́, kò sì lè tẹ̀ ẹ́; ó fa ilà kan, ó jù ú sílẹ̀, ó sunkún. Ó ní kí n bá òun wá kálàmù tíṣà, bàbá òun, pé ìyẹn ò béèrè agbára, tó bá ti kan ìwé ló ń kọ. Òótọ́ ni, àmọ́ yíńkì ti gbẹ mọ́ ọn nínú láti ìgbà tí báírò ti wọlé wa.

Milunka, kí la ò fi rakija, ọtí líle wa yìí, ṣe nínú ilé yìí? A fi ń fọ ọgbẹ́, a fi ń pa ẹsẹ̀ tó ń dunni, a fi ń nu fèrèsé, òun náà la fi wo ọ̀fun rẹ ní kékeré. Mo rò pé ohun tó ń wo èèyàn sàn ò ní pa kálàmù. Mo bu èyí tó le jù, tí a gbé pamọ́ de ìgbéyàwó rẹ tí o kọ̀ tí o ò ṣe, mo ri kálàmù sínú ife rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ dé, rakija ti pọ́n, ara kálàmù ti rọ̀ bí àbẹ́là, ó ń rùn káfúrà. Ẹ̀rù bà mí, mo mú pílásì kí n fi tú u. Kò tú. Mo tún fi agbára sí i, ó dún kẹ̀ẹ́, ó là, rọ́bà tó ń mu yíńkì nínú rẹ̀ sì dà jáde wẹ́wẹ́ bí ìgbẹ́ eku.

Mo sáré lọ bá Rajko aládùúgbò wa. Ó fi ọkùnrin kan tó ń tún kálàmù ṣe hàn mí nínú fóònù. Mo kí i, kò dáhùn. Rajko ní kò lè gbọ́ mi, àmọ́ mo rí i pé ó wò mí lójú. Rajko wá rí ọ̀gá kan ní Beograd, Ọ̀gá Sreten, wọ́n ní ká kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni mí? Ó tún ní kí n tọ́ka sí iná tó ń dá mọ́tò dúró. Mo ní a ò ní ìkankan lábúlé wa, ló bá ní mo kùnà. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ níbìkan.

Rajko bá pe ọ̀gá náà. Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fún kálàmù ní ìpanu pẹ̀lú rakija ọ̀hún. Nígbà tó gbọ́ ti pílásì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Bàbá, ẹ gbọ́, tó bá jẹ́ yíńkì gbígbẹ lásán, omi tútù ni, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyẹn nílé. Àmọ́ tó bá lẹ̀ tí kò tú, tàbí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti kú, kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, kí ẹ gbé e wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní tí ẹnu wúrà tó fi ń kọ̀wé ò bá tíì tẹ̀, òun lè wá ara mìíràn fún un, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò gbà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò tẹ̀.

Inú ìbọ̀sẹ̀ mi kan ni kálàmù wà, ìwé yìí wà nínú ìkejì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló ń gbé e bọ̀. Tí o bá ti kà á tán, má tilẹ̀ mu kọfí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sreten ni kí o gbà lọ. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dínárì. Bá mi san án, kí o sì fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́ fún ẹja slava. Má fi sí báǹkì. Ẹ̀rọ wọn máa ń bi mí ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì tíì dalẹ̀ rí.

Ìyá rẹ rò pé mo ṣì ń fọ kálàmù ni. Rajko ní kí n bá a kọ ìwé orúkọ náà kó tán. Mi ò lè ṣe é, Milunka. Ìwé náà ní apá méjì, alààyè lápá kan, òkú lápá kejì, ìyá rẹ ti ń kọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì, ọwọ́ mi ò kàn án rí. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọsibítù, ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀, mi ò tíì sọ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi lè bẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó máa kọ ọ́ lọ, títí n ó fi dé ọdún tí n ó ní láti gbé orúkọ rẹ̀ sí apá kejì. Jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, Stamenka, sáàárín àwọn alààyè lọ́dún yìí, kódà kó wọ́.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, á sì fún ọ̀gá náà ní ọwọ́ tó yá. Sáré, ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Vidoje