Bọ́tìnnì Mẹ́ta, Àṣẹ Kan

                                                  Ojúlé Kẹjọ,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2023.

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ mi méjèèjì fẹ́ di àjèjì síra wọn lójú mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde ná kí n tó kí ọ, torí láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Ó dáa, mo ti mí kanlẹ̀. Gbogbo ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn ríro yẹn ti lọ? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń du bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

O mọ̀ pé Télọ̀, ọmọ mi obìnrin, ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ẹnjiníà wa, ṣe fọ́ọ̀mù kan fún ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn oníbàárà lè máa kọ ìwọ̀n ara wọn síbẹ̀ láti ilé. Ẹnjiníà wa ṣe é, ó sì dùn ún wò. Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ (kì í ṣe ti ẹ̀wù o, èyí tí èèyàn ń tẹ̀ lójú fóònù ni): "Fi Ránṣẹ́" àti "Tọ́jú Rẹ̀ Fún Mi". Ó ṣàlàyé fún mi pé àṣẹ kan ṣoṣo, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, lòun kọ sẹ́yìn méjèèjì. Èyí tó wù kí èèyàn tẹ̀, àṣẹ yẹn á yẹ ìwọ̀n wò bóyá ó pé, á wá béèrè bóyá bọ́tìnnì ìtọ́jú ni wọ́n tẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, á tọ́jú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, á fi ránṣẹ́ sí Télọ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló ń kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì?" Èmi náà gbà pé ọgbọ́n ni. Ṣebí ọ̀bẹ kan náà ni mo fi ń gé àlùbọ́sà àti ẹran.

Àfi bí Télọ̀ ṣe ní kó fi ẹ̀kẹta sí i, "Fagi Lé E", fún ẹni tó bá yí ọkàn padà. Ọmọkùnrin ń kánjú, ó so ó mọ́ àṣẹ kan náà yẹn, kò sì fi ìbéèrè tuntun kankan kún un. Ìwọ náà wò ó: bọ́tìnnì ìfagilé kì í ṣe bọ́tìnnì ìtọ́jú, àṣẹ bá gbà pé ìfiránṣẹ́ ni! Ẹni tó ní òun ò ṣe mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á balẹ̀ sọ́dọ̀ Télọ̀ gbì.

Ẹni tó kọ́kọ́ kàgbákò rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti kó aṣọ tí wọn yóò fi rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ìwọ̀n wọn sórí fọ́ọ̀mù, ó rí i pé ti ọdún tó kọjá lòun kọ, ó fagi lé e, ó lọ wọn wọ́n lákọ̀tun. Kó tó dé, Télọ̀ ti gé aṣọ tán. Obìnrin náà ń wo apá aṣọ lórí tábìlì, ó ní, "Ṣebí mo fagi lé e?" Ojú ti ọmọ mi. Ló bá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù níwájú oníbàárà, ó ní, "Ọ̀lẹ ni ẹ́! Ọ̀lẹ ló ń fi àṣẹ kan ṣe iṣẹ́ mẹ́ta!"

"Ọ̀lẹ" yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnjiníà tún fọ́ọ̀mù ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní àṣẹ náà ti ń béèrè ẹni tó pè é báyìí kó tó dáhùn, pé bọ́tìnnì tí kò bá dá mọ̀, kò ní jẹ́ ẹ lóhùn rárá. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí bọ́tìnnì jọ máa lo àṣẹ kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun kàn gbàgbé ni, pé ẹni tó fẹ́ gé aṣọ odidi wọ́ọ̀dù ì bá kọ́kọ́ pe oníbàárà. Télọ̀ náà fárí gá, ó ní òun á wá ẹlòmíràn tí yóò máa bójú tó fọ́ọ̀mù náà.

Ní Sunday, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀ mi. Télọ̀ ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó gbé ṣájà mi wá." Èkejì ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló wà." (Bó ti ń bínú tó, ó ṣì ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "wọn", ìyẹn nìkan ni mo rí dì mú.) Èmi ni mo wá di àṣẹ kan lẹ́yìn bọ́tìnnì méjì! Inú bí mi débi pé mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Èyí tó wá burú jù, mo fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí fóònù àwọn méjèèjì: "Ìwọ ni kó o túúbá, nítorí tèmi." Ọmọkùnrin ní mo ti dá òun lẹ́bi. Obìnrin ní mo ti gbè sẹ́yìn àbúrò òun. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà. Tèmi ti ń dẹrù láti kó kúrò lẹ́nu.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì fa àwọn ìbejì létí fún mi.

Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn kí Télọ̀ tó wá ẹlòmíràn. Sọ fún ọmọkùnrin pé ìtìjú ló bú u, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sọ fún obìnrin pé ẹni tó fi ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún un kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n má kọ lẹ́tà kan fún àwọn méjèèjì o. Èmi ti ṣe ìyẹn, mo ti rí ohun tó bí. Kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o sì dá tèmi náà kọ lọ́tọ̀, kíákíá, kódà kó jẹ́ ìlà méjì péré.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà,
                                                  Ìyá Télọ̀.